Haibíríìdì àbí mọ́tò oníná, èwo ló lè gbé ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ yìí?

ÌyáBọ́lá_Òkèsà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá. Iléṣà ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lágere n'Ífẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀, àlọ àtàbọ̀ á tó kìlómítà 60. Corolla 2005 ni mò ń wà, ó sì ń mu epo bí ọ̀mùtí. Tó bá fi máa di Fráídé màá ti ra bíi líítà 30, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èrè ọjà mi inú táǹkì ló ń wọ̀.
Àbúrò mi tó wà ní Kútọnu ní òun rí Camry haibíríìdì 2007 kan àti Prius kan, kí n mú ọ̀kan. Àmọ́ ọmọ mi tó wà ní SS2 ní n má dà á láṣà, pé mọ́tò oníná gan-gan ni kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́, haibíríìdì ṣì ń mu epo. Mẹkáníìkì mi ní èyí tí mo bá rà nínú méjèèjì kí n má gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

RẹwáyàSábó:
Màmá ẹ kú àárọ̀. Iṣẹ́ rẹwáyà ni mò ń ṣe ní Sábó, Ifẹ̀ níbí, haibíríìdì tí mo ti ṣí inú ẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀kan kì í ṣe méjì. Ẹ̀rù ló ń ba mẹkáníìkì yín, kò sì jẹ̀bi. Àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ ẹ máa rí lábẹ́ mọ́tò yẹn, iná tó ń gba inú wọn kọjá tó ti inú ilé yín, ó tiẹ̀ lè jù ú lọ, ó lè pa èèyàn. Ẹni tí ò bá yọ púlọ́ọ̀gì ààbò ara bátìrì kó sì dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kàn án, ikú ló ń pè.
Àṣìṣe kan tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n rò pé wọ́n á máa ki haibíríìdì bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Epo nìkan lẹ máa rà fún un. Ẹ́ńjìnì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ iná sì wà pẹ̀lú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, agbára tí ì bá ṣòfò di ooru lára páàdì, ẹ̀rọ iná yẹn á gbà á á dá a padà sínú bátìrì, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbéra, bátìrì yẹn ló máa kọ́kọ́ tì yín. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wúlò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ju orí eré lọ. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà kò ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bíi t'Ékòó, àmọ́ kòtò wà, kòtò náà ń múni tẹ bíréèkì, kí a ṣá máa dúpẹ́ 😂
(Èyí tí wọ́n ń kì bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó tún ń mu epo náà wà, àmọ́ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

ỌmọÒṣómàáló:
Ìyá Bọ́lá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ SS2 fi owó yín ṣe ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Mọ́tò oníná ní Iléṣà? Iná wo? Àwa tí a ń fi jẹnẹrétọ̀ lọta? Ní 2024 nìkan, mélòó ni gíríìdì ṣubú? Ẹ lọ ṣe gáàsì CNG sí Corolla yín, kò gbówó lórí bí epo, èéfín ẹ̀ náà mọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

RẹwáyàSábó:
@ỌmọÒṣómàáló gáàsì kò burú, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ṣì jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa, sìlíńdà náà á jẹ búùtù, oníṣòwò sì ni màmá, inú búùtù ni ọjà ń wọ̀. Ẹ tún rántí ti Bìní ní 2024, wọ́n ní sìlíńdà ayédèrú tí wọ́n jó pọ̀ fúnra wọn ló bú. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó lọ sí ibi tí wọ́n fọwọ́ sí.

ỌmọIfẹ̀_Káḿpọ́ọ̀sì:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ n bá yín ṣírò ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí torí gbogbo èèyàn ń fẹnu sọ ọ́ láìgbé nọ́ńbà sílẹ̀. Líítà epo kan tó bá jóná, kábọ́nì tó ń mú ayé gbóná tó máa tú sáfẹ́fẹ́ tó kílò 2.3. Corolla màmá tó ń mu bíi líítà 10 fún kìlómítà 100, kílò 23 nìyẹn. Camry haibíríìdì á mu bíi líítà 7, ìyẹn kílò 16. Prius á mu bíi 6, kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín ò bá wúwo, ẹ fi sí kílò 13 tàbí 14.
Mọ́tò oníná ńkọ́? Èéfín ò ní ìdí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó níbi tí èéfín yẹn wà. Kìlómítà 100 á jẹ iná bíi yúníìtì 20 tẹ́ ẹ bá ka èyí tó ṣòfò lásìkò ṣáájì mọ́ ọn. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa, Ẹ̀gbin àti àwọn bíi tiẹ̀, ìyókù ni omi Káínjì, Jẹ́bà àti Ṣíróró. Iná gáàsì tó jẹ́ yúníìtì kan á tú bíi ìlàjì kílò kábọ́nì jáde. Nítorí náà kílò 10, ẹ jẹ́ ká sọ pé 12 torí wáyà tó ti gbó lójú ọ̀nà. Ó ṣì fi ìdajì dín sí ti Corolla.
Ibi tó dùn rèé: ẹni tó bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn ṣájì mọ́tò oníná, líítà epo kan kò lè fún un ju yúníìtì kan àbọ̀ sí méjì lọ. Yúníìtì 20 á jẹ líítà 10, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i? Corolla lẹ padà wà yẹn, ariwo àti èéfín ló kàn kúrò lójú títì tó wọ ẹ̀yìnkùlé yín, tí aládùúgbò wá ń fà á símú.

ỌmọÒṣómàáló:
Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

ỌmọIfẹ̀_Káḿpọ́ọ̀sì:
Rárá sà, ẹ sọ pé kò ṣeé ṣe, èmi sọ pé ibi tí iná ti wá ló máa sọ bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́. Wọn ò jọra.

SólàPàràkìn:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, iṣẹ́ mi nìyí. Àwọn èèyàn gbàgbọ́ pé mọ́tò oníná gbọ́dọ̀ ní iná wákàtí 24. Ṣọ́ọ̀kẹ́tì ilé lásán, oníhò mẹ́ta tẹ́ ẹ fi ń lọ aṣọ, ó lè gbé kílówáàtì méjì àbọ̀ láìjó tí wáyà yín bá dáa. Iná wákàtí márùn-ún lóru, yúníìtì 12 nìyẹn, ìyẹn sì ni ìrìn kìlómítà 60, àlọ àtàbọ̀ Ìyá Bọ́lá gan-an! Iná tí a kò kà sí yẹn ṣe é. Ohun tó máa pa á ni iná tí kò lágbára, èyí tó ń ṣe bí àtùpà epo pupa, tàbí wáyà ilé tí wọ́n fi nà láyé Awólọ́wọ̀, ìyẹn lè dáná sunlé.
Sólà ló wá dáa jù. Páńẹ́lì oníwáàtì 550 mẹ́wàá, lọ́jọ́ tí oòrùn bá jáde dáadáa á fún yín ní yúníìtì 20 ó lé. Lóṣù kéje àti oṣù kẹjọ ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìṣòro kan wà tí kì í tètè wá sọ́kàn: ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, ọ̀sán náà sì ni mọ́tò màmá wà ní Lágere. Àfi kí páńẹ́lì wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, lánlọ́ọ̀dù á sì ti gbọ́ tiẹ̀ níbẹ̀.
Tó bá jẹ́ Leaf, mọ́tò oníná ti Nissan, tọ́kùnbọ̀ èyí tó kọ́kọ́ jáde, ti 2011, 2012 yẹn, ẹ ṣọ́ra gan-an. Kò ní nǹkan tó ń mú bátìrì ẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ lásán ló gbára lé. Ní 2012 àwọn tó ra á ní Arizona, ibi tó gbóná l'Amẹ́ríkà, pariwo gidi pé bátìrì àwọn ń rẹ̀ kíákíá. Oòrùn tiwa náà mọ ilé. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ẹ máa rí ìlà kéékèèké 12 tó ń sọ ìlera bátìrì, ẹ kà á bí ẹni ń ka owó. Tí 12 bá ti di 8, mọ́tò tó ń rin bíi kìlómítà 117 nígbà tó wà ní tuntun, ó lè má gbé yín dé Ìbàdàn láti Ifẹ̀.

Ọlọ́kadà_Modákẹ́kẹ́:
Ọ̀kadà oníná ńkọ́? Wọ́n á pàṣípààrọ̀ bátìrì fún ẹ ní ìṣẹ́jú méjì, o ò ní dúró ṣájì. Wọ́n ní ó ti wà l'Ógùn. Ẹ̀yin ń jiyàn Prius, èmi líítà mẹ́rin ni mò ń mu lójúmọ́, tí wọ́n bá gbé e dé ibí màá gùn ún.

BàbáTíṣà_Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látàárọ̀. Èéfín nìkan lẹ ń sọ. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ilẹ̀. Bátìrì yẹn kò ti ọ̀run já bọ́ o. Lítíọ́mù, kóbáàtì, níkẹ́ẹ̀lì, wíwà ni wọ́n ń wà á. Kóbáàtì, mẹ́ta nínú mẹ́rin tí gbogbo ayé ń lò, ẹ jẹ́ ká fi sí bẹ́ẹ̀, Kóńgò ló ti ń wá, àwọn ọmọdé sì wà nínú ihò níbẹ̀. Lítíọ́mù ti dé itòsí wa, wọ́n ń wà á ní Naṣaráwá àti Kúwárà.
Àwa ará Ìjẹ̀ṣà sì yẹ kó jẹ́ àwa la máa kọ́kọ́ bèèrè, torí ojú wa ti rí i. Ẹ lọ sí Ìtágúnmódì, ẹ wo ohun tí wíwa góòlù ṣe sí oko kòkó. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ tí wọn ò dí, omi pọ́ndọ̀ aláwọ̀ tíì tí kò ṣeé mu, tí kò ṣeé fọṣọ. Omi Ọ̀ṣun tí a ń bọ, wọ́n sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ní Samfárà ní 2010 òjé tó wà nínú òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400, ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta, eruku ẹ̀ ló wọ ara àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹnì kan bá wá dúró níwájú mi tó ní mọ́tò òun "mọ́", mo máa ń bi í pé ilé ta ló dọ̀tí kí tìẹ tó mọ́.

MoDàgbàNíPọta:
Ẹ̀kọ́ ni, bàbá. Àmọ́ Pọtá ni wọ́n ti bí mi, ọkọ ló gbé mi wá Ifẹ̀. Epo tí ẹ ń wò bí ẹni pé kò ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́ yẹn, ilé wa ló bà jẹ́. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyíká gbé ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ Ògóni ní 2011, wọ́n ní àtúnṣe ẹ̀ lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá sá aṣọ funfun síta, kó tó gbẹ ó ti ní tódó-tòdó dúdú, èérú gáàsì tí wọ́n ń sun ni. Ẹni tó ń wa Corolla n'Íléṣà náà ní ilé tó ń bà jẹ́, kò kàn mọ àdúgbò náà ni.
Ìyàtọ̀ kan sì wà tí ẹ ò sọ. Epo, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń jó o, lọ́la wọ́n á tún gbẹ́ òmíràn. Kóbáàtì inú bátìrì kì í jóná, tí bátìrì bá kú ó ṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ lò. Ẹ ò lè yọ epo àná padà láti inú èéfín.

SólàPàràkìn:
Ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Kí n tún fi kún un pé bátìrì tó wọ́pọ̀ nísìnyí nínú sólà àti nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní LFP, kò ní kóbáàtì, kò ní níkẹ́ẹ̀lì. Irin àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni. Lítíọ́mù ṣì wà níbẹ̀ ṣá.

BàbáTíṣà_Ìjẹ̀ṣà:
Mo gba ti ìyàwó wa gbọ́. N kò ronú kan Ògóni nígbà tí mò ń kọ ọ́, mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n "wọ́n lè yọ ọ́ lò", àwọn wo? Níbo? Bátìrì olójé tí a ti ń lò látọjọ́ tó ti pẹ́, báwo la ṣe ń tọ́jú tiẹ̀? Ọmọ tó ń ra kóńdẹ́ḿù á da ásíìdì ẹ̀ sí gọ́tà níwájú ilé mi, á gbé òjé lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ lójú gbangba. Tí a kò bá rí ti olójé tó rọrùn ṣe, ta ni máa ṣe ti lítíọ́mù? Ìbéèrè ni mo bi, n kò sọ pé kí Ìyá Bọ́lá má ra mọ́tò.

ỌmọIfẹ̀_Káḿpọ́ọ̀sì:
Bàbá, mi ò ní èsì sí ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bátìrì mọ́tò tó ti rẹ̀ kì í ṣe òkú. Èyí tí kò lè gbé mọ́tò mọ́ ṣì lè tan iná ilé fún ọdún mélòó kan, àwọn kan ti ń tú Leaf tó forí sọ ta báyìí lò ó fún sólà. Ẹ̀yìn ìyẹn ṣá, ibi tí ẹ sọ ló kù.
Ẹ tún má gbàgbé pé mọ́tò oníná, láti ilé iṣẹ́ ló ti ń jẹ gbèsè èéfín, torí ṣíṣe bátìrì ńlá ń jẹ agbára púpọ̀, ìrìn ló fi ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó rà á tó ń gbé e sílẹ̀ nínú ọgbà kò san nǹkan kan. Bátìrì Prius 2007 kékeré ni, yúníìtì kan àti díẹ̀ ló ń gbà, ti Leaf yẹn 24. Gbèsè ti Prius kéré, wọ́n sì ti san án tán l'Amẹ́ríkà kó tó dé Kútọnu.

ÌyáBọ́lá_Òkèsà:
Ẹ ṣeun gan-an o, orí mi ti kún. Ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnì kan bá mi sọ èyí tí màá ṣe. Camry àbí Prius àbí kí n máa bá Corolla mi jà lọ?

RẹwáyàSábó:
Màmá, ẹ jẹ́ n sọ bí ó ti rí. Prius mu epo díẹ̀ jù, àmọ́ ó sún mọ́lẹ̀, kòtò tó wà lójú ọ̀nà kí ẹ tó wọ Iléṣà yẹn á máa fọwọ́ kan ikùn ẹ̀ lójoojúmọ́. Camry ni màá sọ pé kí ẹ mú, ara ẹ̀ wà níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀ jù. Àmọ́ bátìrì ni mọ́tò, ẹ má tẹ̀lé dídán kúnnà. Ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn ló wà, ó ní fáànù tó ń mú un tutù, ihò tí fáànù ń gbà mí sì wà lẹ́bàá àga. Àwọn èèyàn á di báàgì Ghana-must-go lé e lórí, eruku ọyẹ́ á dí i, bátìrì á gbóná, á kú ṣáájú ọjọ́ ẹ̀, wọ́n á ní haibíríìdì ò dáa. Ẹ̀yin oníṣòwò gan-an ni mò ń bá wí.
Kí àbúrò yín wà á fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má kàn ṣíná ẹ̀ lásán. Kó máa wo àwòrán bátìrì lórí sìkírínì, tó bá ń fò láti kíkún sí òfo láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí fáànù ń pariwo bíi ẹ́ńjìnì ọlọ, kó sọ̀ kalẹ̀. Kó fi ẹ̀rọ yẹ̀wò ka kóòdù ẹ̀, tó bá rí P0A80, bátìrì ti ń lọ nìyẹn. Tí olùtajà bá ní "a ti pa á rẹ́ kó má yọ yín lẹ́nu", ẹ sá. Àwọn míì á yọ ẹyọ bátìrì kan tó kú nínú 34, á fi àlòkù míì rọ́pò ẹ̀, oṣù mẹ́ta sí i ẹyọ míì á kú. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹrin.
Èyí tó burú jù ni ẹni tó máa sọ fún yín pé kí ẹ yọ bátìrì ńlá yẹn dànù kí ẹ máa wa ẹ́ńjìnì nìkan. Irọ́ ni. Kò ní kíìkì bíi ti Corolla, bátìrì ńlá yẹn ló ń kí ẹ́ńjìnì jí. Tó bá kú, ẹ́ńjìnì náà dákẹ́. Ẹ fi owó bátìrì sílẹ̀ lápá kan kí ẹ tó sọ pé ẹ ti jèrè epo.

ỌmọÒṣómàáló:
Èrè epo mélòó náà? Líítà 30 lọ́sẹ̀ di 21. Tí líítà bá jẹ́ 900, nǹkan bíi 8,000 lẹ jèrè lọ́sẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo máa ń lóṣòó ka owó mi 😂 Owó bátìrì máa gbé ọdún kan tàbí méjì nínú ẹ̀.

RẹwáyàSábó:
Ẹ ti kà á dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kò wá túmọ̀ sí pé kò jèrè, ó kàn pẹ́.

SólàPàràkìn:
Ẹ jẹ́ ká sọ ti iwájú náà. Ethiopia ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 fòfin de kíkó mọ́tò elépo wọlé pátá, omi ló ń fún wọn n'íná, epo sì ń jẹ wọ́n lówó dọ́là. Nọ́wè, nínú mọ́tò tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà ní 2024, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ oníná, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ta epo fún gbogbo ayé (àwọn náà gbọ́n). Ohun tí Òyìnbó bá ń wà lónìí ló ń di tọ́kùnbọ̀ wa lọ́dún mẹ́wàá sí i. Yálà a fẹ́ àbí a ò fẹ́, ọkọ̀ ojú omi máa kó wọn dé Kútọnu.

ỌmọÒṣómàáló:
Wọ́n á kó èyí tí bátìrì ẹ̀ ti kú dé, bí wọ́n ṣe ń kó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n tó ti bàjẹ́ wá. Èyí tí wọ́n tò pọ̀ l'Ékòó, Hyundai Kona oníná ti 2021 yẹn, mílíọ̀nù 24 ni wọ́n pè é nígbà yẹn. Ta ló rà á ní Òkèsà?

BàbáTíṣà_Ìjẹ̀ṣà:
Ewúrẹ́ Òkèsà nìkan ni kò ní fẹ́ ẹ. Kì í dún. Àwọn tí Corolla ń pariwo sí tí wọn ò sún ńkọ́.

ÌyáBọ́lá_Òkèsà:
Hahaha Bàbá ẹ ò ní pa mí. Mo ti dáhùn fún ara mi. Mo ti pe àbúrò mi, mo ní kó lọ fi ẹ̀rọ yẹ̀wò ka kóòdù Camry yẹn lọ́jọ́ Sátidé, kó wà á ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó ya fídíò sìkírínì ẹ̀ ránṣẹ́, màá gbé e síbí kí Rẹwáyà wò ó. Tí kóòdù yẹn bá yọ, Corolla mi ni mo máa tọ́jú, màá fi owó náà ra páńẹ́lì mẹ́rin sí ṣọ́ọ̀bù kí n lè pa jẹnẹrétọ̀ tì, torí ìṣirò ọmọ káḿpọ́ọ̀sì yẹn ló dùn mí jù, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ara mi ni mo ti ń fà á símú látọjọ́ yìí. Ọmọ mi ti kà á, ó ní kí n bá òun kí Bàbá Tíṣà, pé òun máa bi tíṣà àwọn ní ìbéèrè Kóńgò yẹn.

RẹwáyàSábó:
Kó ya fídíò náà nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná tán o màmá, kì í ṣe láàárọ̀ kùtù. Kó sì tan éèsì.